"Ga" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀-Àpèjúwe

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní ilé wa ní Magodo, àbúrò mi fajú ro, ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí ó fa ilà sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú "Igi náà ga." Ó fa á sí abẹ́ "ga". Olùkọ́ rẹ̀ fi báírò pupa fagi lé e, ó ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. Òdo ni ọmọ gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ni a fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ lọ sí Mile 12, tí kò jìnnà sí wa, kí ẹ dúró ti àwọn tí ń ta tòmátì. Ẹ ó gbọ́: "Ó ti pọ́n," "Kò tíì pọ́n," "Yóò pọ́n tó bá di ọ̀la." Ohun tí "lọ" ń gbà náà ni "pọ́n" ń gbà. Kí ni "pọ́n" wá ṣẹ̀? Kò sí ẹni tí ń ra "tòmátì pọ́n". A ní láti sọ ọ́ di "pípọ́n" ná. Bákan náà ni "ga" àti "igi gíga". "Gíga" ni kí wọ́n pè ní àpèjúwe. (Mo gbà pé "pupa" le díẹ̀: a ń wí pé "aṣọ pupa", a sì ń wí pé "ó pupa".)

Wọ́n ní "ga" ń sọ bí nǹkan ṣe rí. "Rùn" ńkọ́? "Ẹja yìí ń rùn" kò ha sọ bí ẹja ṣe rí? Síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pè é bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bá wa dájọ́! Bẹ́ẹ̀ ni Dionysius Thrax, ará Gíríìkì, ka ẹ̀yà ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, kò sì sí àpèjúwe nínú wọn. Abẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó fi í sí.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé ti 1966 àti ti Ọládélé Awóbùlúyì ti 1978 ka irú "ga" mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ni ó dé tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì kẹrin?

Ìdánwò àbúrò mi ń bọ̀. Ó bi mí pé èwo ni kí òun kọ. Mo ní kí ó kọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ń fẹ́. Ojú tì mí.