Leroy Jenkins Kì í Ṣe Aláriwo Lásán

Sí Olóòtú,

Àròkọ tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, tí ó sọ pé àwọn tí ń fi fayolíìnì dá àrà tuntun jẹ́ ẹni tí kò kọ́ orin dójú àmì, nílò àtúnṣe, nítorí pé iṣẹ́ ayé Leroy Jenkins, olórin onífayolíìnì, tako ọ̀rọ̀ náà. Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Jenkins sí ní ọdún 1932; láti kékeré ni ó ti kọ́ fayolíìnì, ìyẹn ohun-èlò olókùn mẹ́rin tí ó jọ gòjé, ó sì gboyè ní Yunifásítì Florida A&M kí ó tó di olùkọ́ orin. Lẹ́yìn náà ni ó dara pọ̀ mọ́ AACM, ẹgbẹ́ tí àwọn olórin adúláwọ̀ dá sílẹ̀ ní 1965 láti máa gbé orin tí wọ́n kọ fúnra wọn jáde, lẹ́yìn èyí sì ni òun, Sirone àti Jerome Cooper jọ ṣeré nínú Revolutionary Ensemble, ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta.

Òótọ́ ni pé etí tí kò mọ orin wọn lè pè é ní ariwo, ṣùgbọ́n orin àtinúdá, èyí tí í ṣe orin tí a ń hun lójú ẹsẹ̀, kò ṣeé ṣe láàárín ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé olórin kọ̀ọ̀kan ń tẹ́tí sí èkejì rẹ̀. Bákan náà, Jenkins kọ eré olórin oníjó, The Mother of Three Sons, tí New York City Opera gbé sórí ìtàgé ní 1991. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ni ó ń mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Òǹkàwé yín