Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá 'lọ' ni ẹ̀mí òkùnkùn ń dà láàmú: Ibo ni ará Àtàn-Ọ̀tà yóò gbé aláìsàn rẹ̀ gbà?

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́nà Àtàn-Ọ̀tà. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ń di ọjà sínú páálí. Lójijì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pè é, kò dáhùn. Nígbà tí yóò fi padà bọ̀ sípò, wákàtí méjì ti kọjá, kò sì lè sọ ohun tó ṣe nínú wákàtí méjèèjì. Lọ́jọ́ mìíràn, ohùn rẹ̀ a yí padà, a sì máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán la fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ láàárín Sángò sí Lusada yóò mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní wárápá ni, tàbí wèrè ni, tàbí kí wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wọ̀ ọ́.

Ohun kẹrin wà tí àwọn èèyàn wa kì í rántí. Òun ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní dissociative disorders, ìyẹn àìsàn tó máa ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn yà kúrò lára rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á ni ìyà tó wúwo ju ohun tí ẹ̀dá lè gbé lọ, pàápàá èyí tí wọ́n fi jẹ èèyàn léraléra nígbà tó wà ní kékeré: lílù àlùbolẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, ogun. Ọmọ náà kò lè sá kúrò nínú ilé, nítorí náà ọkàn rẹ̀ ló sá. Sísá yẹn ló gbà á là lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó ti dàgbà tán, ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ pé ewu ti kọjá, ṣe ló ṣì ń sá. Àwọn kan a gbàgbé odidi ọjọ́. Àwọn mìíràn a dà bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ lókèèrè bí ìgbà tí wọ́n ń wo sinimá. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbé inú wọn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Àwọn òǹkàwé wa lè béèrè pé ṣé gbogbo ẹlẹ́gùn Ṣàngó àti gbogbo ẹni tí ẹ̀mí ń gbé nínú ìjọ aláṣọ funfun ló ń ṣàìsàn ni? Rárá o. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àrùn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2022, wọ́n sọ pé kí dókítà má ṣe pe gígùn tó bá àṣà tàbí ẹ̀sìn mu ní àìsàn. Ìgbà tó bá ń wá láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́ ẹ, tó sì ń ba iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ jẹ́, ló di àìsàn. Àwọn baba wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n ń kọ́ ẹlẹ́gùn níṣẹ́ ni, ó ní ọjọ́ tí òrìṣà ń gùn ún, àwọn tí yóò sì dá a padà máa ń wà nítòsí. Ta ló ń dúró ti ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ yẹn?

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló máa ń dúró ti ọ̀pọ̀ wọn. Lọ́dún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàbẹ̀wò sí ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà. Wọ́n bá àwọn èèyàn lórí ìdè nílé ìwòsàn ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìtọ́jú àwọn mùsùlùmí àti lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìdè yóò ṣe fún ẹni tó jẹ́ pé ìyà ló kọ́kọ́ lé ọkàn rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Kàkà kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi wọ́n sí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, tí yóò sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Ó tún bá àwọn babaláwo ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé ló wá wo ohun tó ṣe.

Ilé ìwòsàn Aro yẹn ló yẹ kí ará Àtàn kọ́kọ́ rántí. Ẹni tó bá dé Sángò yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá Ifọ̀ lọ s'Ábẹ́òkúta. Ẹni tí Èkó bá rọ̀ lọ́rùn lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, èyí tó ti wà láti ọdún 1907. Ohun tó dára ni kí dókítà ìtòsí kọ́kọ́ yẹ aláìsàn náà wò, kó sì kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Wọn ní láti mọ̀ bóyá wárápá ni lóòótọ́, tàbí egbò orí, tàbí oògùn olóró, nítorí ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú ìwọ̀nyẹn.

Bí wọ́n bá wá rí i pé ìyapa ọkàn ni, kí ẹbí má retí abẹ́rẹ́ kan tí yóò lé e lọ. Kò tíì sí oògùn tó ń wo àìsàn yìí fúnra rẹ̀ sàn. Dókítà lè fún un ní oògùn fún àìróorunsùn tàbí ìbànújẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú gan-an, lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ tàbí àwọn tí wọ́n ń pè ní clinical psychologist. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè gba ọdún. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa dúró sínú ara rẹ̀: kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó di omi tútù mú, kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni wọ́n tó máa fara balẹ̀ kan ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ tú ìtàn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ wòólì. Kí ẹ sì béèrè ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́, àti bóyá ó ti tọ́jú ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré rí.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ọpọlọ fúnra wọn ti ń sọ láti ọdún mélòó kan ni pé àwọn kò tó 300 fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kó lọ sókè òkun. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ojúmọ́ tún wà níbẹ̀, torí ẹni tó ń gba owó ojoojúmọ́ nílé-iṣẹ́ kò ní gba nǹkan kan lọ́jọ́ tó bá lọ sí Aro.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè tí a ti ń lò láti ayé àwọn òyìnbó. Òfin náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ torí àìsàn ọpọlọ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Àtàn, Àgbárá àti Sángò ló ti kà á? Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé e lọ bá wọn, kí wọ́n sì béèrè ohun méjì péré: iṣẹ́ tí kò sí nídìí ẹ̀rọ fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, àti ọjọ́ ìtọ́jú tí wọn kò ní yọ nínú owó rẹ̀.