ÀWỌN ÀGBÀ TÍ OÒGÙN DÁ SÍ

Àrùn tí kò gbóògùn ni àwọn ènìyàn wa sọ éèdì nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1986. Orúkọ náà bá a mu nígbà náà. Nígbà tí Fela papò dà ní 1997, ní ẹni ọdún 58, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, sì fi ìgboyà sọ ní gbangba pé éèdì ni, kò sí ètò kankan tí mẹ̀kúnnù fi lè rí oògùn gbà. Lónìí, irọ́ ni a ń pa bí a bá ṣì ń pè é ní orúkọ yẹn. Oògùn kò tí ì lé kòkòrò HIV jáde pátápátá kúrò nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń dè é mọ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń lò ó déédéé lè ṣiṣẹ́, ó lè bímọ, ó sì lè gbé ọmọ-ọmọ jó.

Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. Ní 2006 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Kí olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀: ẹni tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35 ní ọdún tí oògùn di ọ̀fẹ́ ti lé ní 50 báyìí. Láti 50 ọdún lọ sì ni àwọn oníṣègùn ti ń ka ẹni tí ó ní kòkòrò yìí sí àgbà, nítorí pé ara rẹ̀ a máa tètè gbó. Bí oògùn tilẹ̀ de ọ̀tá mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara kì í sinmi tán. Ìjà wọn a sì máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ni ó ń lúgọ dè é.

Ẹ̀sùn wa rèé. Kòkòrò kan ṣoṣo ni a dá ètò wa sílẹ̀ láti bá jà. Aláìsàn a dé, a gba oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, wọn a wo iye kòkòrò tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, inú gbogbo ènìyàn a sì dùn pé kòkòrò kò sí mọ́ ní títò. Ta ni ó wọn ìfúnpá rẹ̀? Ta ni ó wo ìtọ̀ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí, tí í ṣe ọ̀rọ̀ kíndìnrín, kàn wá ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àbùdá ajogúnbá kan tí ó wà lára APOL1 pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pàápàá láàárín àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò. Ààbò ni ó jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá, ewu kíndìnrín rẹ̀ pọ̀, ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí HIV bá wà lára rẹ̀. Ẹ fi kún un pé tenofovir, tí ó wà nínú hóró oògùn tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì lójoojúmọ́, lè pa kíndìnrín àwọn mìíràn lára, kí ó sì sọ egungun di aláìlágbára. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn rẹ̀ tì o! Àyẹ̀wò ni a ń wí. Kíndìnrín kì í ké. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ọṣẹ́ ti ṣe. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ inú ìtọ̀ kò wọ́n, a kò sì lè fi owó rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ti àwọn ìyá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin tí ó ní HIV máa ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ láti ẹni ọdún 25, ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún síra, nítorí ewu rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti ẹlòmíràn. Pé nǹkan oṣù ti dá kò fagi lé e.

Àwọn kan yóò béèrè owó. Ní Abuja ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé 15 nínú 100 owó ìlú ni yóò máa lọ sí ètò ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tí ì mú un ṣẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní January 2025, ìjọba wa sáré fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù fún oògùn ní oṣù kejì. Ó dára. Orílẹ̀-èdè tí ó lè ra oògùn fúnra rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá. Inú yàrá kan náà, lọ́jọ́ kan náà tí aláìsàn wá gba oògùn, ni kí a ti ṣe é, kí ó má baà tún san owó ọkọ̀ lọ rojọ́ ara rẹ̀ níwájú àjèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́, òfin 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì yín sí 65 ọdún. Òfin 2014 sì kà á léèwọ̀ kí a fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ nítorí HIV. Ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀ láàárín yín, tí ó sì ti lé ní 50, kí ó béèrè àyẹ̀wò ìfúnpá, ṣúgà àti ìtọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá tún lọ gba oògùn. Bí wọ́n bá ní kò sí, kí ó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀.