Àwọn Tí Ń Ki Ilẹ̀ Kétu Lórí Ayélujára

Ní ayé àwọn baba wa, nígbà tí a bá fẹ́ fi ilẹ̀ lé ẹnìkan lọ́wọ́ ní Kétu, a kì í ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, a kì í sì í ṣe é ní kánmọ́kánmọ́: àgbà ilé ni yóò ṣáájú, ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ yóò tẹ̀lé e, àwọn tí ó bá wọn pààlà yóò dúró ní ọ̀tún àti ní òsì, a ó sì fi ẹsẹ̀ tọ ààlà náà láti ìdí pèrègún kan dé ìdí pèrègún kejì, tí àgbà náà yóò máa pe orúkọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ bá rí, igi ìrókò tí ó wà níhìn-ín, òkìtì ọ̀gán tí ó wà lọ́hùn-ún, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀ àti orúkọ ẹni tí a sin síbẹ̀, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè ṣì í mú fún ilẹ̀ mìíràn mọ́. Oríkì ni àgbà náà ń ki, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kò ní etí. Ó sì mọ̀ pé oríkì tí a bá lè fi ki ẹni gbogbo, ariwo lásán ni.

Iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Alárinà ilẹ̀, tí àwa ará Benin ń pè ní démarcheur, ni ó wà nídìí rẹ̀ báyìí, kò sì ní ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ tọ ààlà ṣe: ó ní ìkànnì orí ayélujára tàbí ojú ewé Facebook, ibẹ̀ ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ọmọ Kétu tí ó wà ní Kùtọnù, ní Èkó, ní Libreville tàbí ní Paris ti ń kà á, tí yóò sì tìtorí ohun tí ó kà fi owó tí ó fi ọdún mẹ́wàá tù jọ ránṣẹ́. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn ní àwọn alẹ́ tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ilẹ̀ dáradára, ibi ìdákẹ́rọ́rọ́, ìwé pé, ẹ sáré wá kí ó tó tán. Bí ẹ bá yọ Kétu kúrò níbẹ̀ tí ẹ fi Pobè tàbí Ṣakẹ́tẹ́ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní mọ̀ pé a ti ṣí òun nípò. Àwọn àgbà ní ìpolówó ni àgúnmu òwò, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n oníṣègùn wo ni yóò gún àgúnmu kan ṣoṣo, tí yóò fún ẹni tí orí ń fọ́ nínú rẹ̀, tí yóò tún fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá?

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ ìlú fúnra rẹ̀. Ketu kan wà ní Èkó, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ibi tí mọ́tò kì í sinmi ní tọ̀sán-tòru, àwọn alárinà ibẹ̀ sì ń kọ̀wé bí òjò. Ẹni tí ó bá tẹ ilẹ̀ Ketu sínú Google láti wá ilé baba rẹ̀, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ilé alájà mẹ́ta ní Èkó ni yóò kọ́kọ́ já sí. Kétu tiwa, Kétu Alákétu, ìlú tí àwọn ọmọ Odùduwà ti Ifẹ̀ gba Arò wá tẹ̀ dó, ìlú ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí fún àlejò láyé àtijọ́ láìjẹ́ pé a bi í ní ibi tí ó ti ń bọ̀, Kétou ni ìwé ìjọba ń pè é, bí ó ṣe sọ Ìfọ̀nyìn di Ifangni. Alárinà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ orúkọ méjèèjì pọ̀, nítorí bí àwọn kan ṣe ń fi ẹnu ilé wá a ni àwọn mìíràn ń fi ẹnu ìjọba wá a. Kò ní dúró síbẹ̀ o. Yóò sọ bóyá Idigny ni, tàbí Odometa, tàbí Okpometa. Yóò sọ bóyá ọ̀nà Ìlárá ni tàbí ọ̀nà Pobè. Yóò sì sọ bí ilẹ̀ náà bá sún mọ́ igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Dogo àti ní Kétu, nítorí owó ẹni tí ó bá ra inú igbó ìjọba ti di àwátì.

Nípa ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ìwé pé, inú mi kì í dùn bí mo bá rí i. Ìwé wo? Òfin ilẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí a sì tún ṣe ní 2017, ti fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀: titre foncier nìkan ni ó fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn pátápátá, ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni ó sì ń fún ni, attestation de détention coutumière kò ju ẹ̀rí lọ pé àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́ sí onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, convention de vente sì jẹ́ àdéhùn láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà, òǹtẹ̀ mérì tí a bá sì lù ú kò lè sọ ọmọ adìyẹ di àkùkọ. Ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní ìwé, tí kò dárúkọ, ó dà bí alápatà tí ó kó ewúrẹ́, àgùntàn àti ajá sórí tábìlì kan, tí ó ní ẹran ni gbogbo wọn.

Òfin yẹn kan náà sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Benin kò lè ra ilẹ̀ oko, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tí ó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Èyí gbé ọ̀rọ̀ ńlá kan ka iwájú wa tí alárinà kankan kì í kọ. Ìmẹ̀kọ ń bẹ ní Nàìjíríà, Kétu ń bẹ ní Benin, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ni wọ́n títí di ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà gba àárín agbo ilé kọjá láìbi ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tí ó ka ìkànnì náà, tí ó rí oko hẹ́kítà 5 tí a ń polówó, kò rí ibi tí a ti sọ fún un pé àlejò ni òun jẹ́ níwájú òfin, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún Alákétu. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á. Bóyá nítorí pé gbólóhùn náà lè lé oníbàárà lọ ni a kò ṣe kọ ọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

N kò sọ pé ìwé ni ó dá ilẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ́, tí ìlú sì dahoro fún ọdún bíi méje kí Faransé tó ṣẹ́gun Dàhọ̀mì tí àwọn tó kù fi rí àyè padà wálé, ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi mọ ibi tí agbo ilé wọn wà? Ẹnu àgbà ni, àti ìrántí. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí ilẹ̀ wúwo ju bí àwọn ọmọ òde òní ti rò ó lọ. Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ àti ilẹ̀ tí à ń bá ara wa mu, wọ́n sì sọ fún wa pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Nínú ohun tí àwọn alárinà kì í kọ, omi ńkọ́? Orí ilẹ̀ gíga ni a wà, odò Wẹmẹ̀ jìnnà sí wa lápá ìwọ̀-oòrùn, kànga wa kì í sì í tètè kan omi. Ẹni tí yóò kọ́lé ní Kétu gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi rẹ̀ yóò ti wá kí ó tó mọ àwọ̀ ọ̀dà tí yóò kun ilé rẹ̀. N kò tíì rí ìkànnì kan tí ó sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni sí títì. Lórí ọ̀kadà zémidjan ni, àbí lórí ẹsẹ̀? Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àbí ní oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ pupa wa bá di ẹrẹ̀ tí ó ń gba bàtà lọ́wọ́ olówó àti tálákà?

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Libreville pè mí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìlárá, mo ti san nǹkan sílẹ̀ lórí rẹ̀." Ó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, kí n sì má parọ́, ó dára: mítà 20 sí mítà 25, irú ìwé tí ó ní, iye tí wọ́n ń tà á, àwòrán igi tíìkì méjì tí ó dúró ní igun rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ògiri tí ó ti ga dé ojú fèrèsé, bíríkìlà sì ń po sìmẹ́ńtì. Mo wá alárinà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìkànnì lọ. Kì í ṣe olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti tà á, mo gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò ni." Ẹni tí ó gba owó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òun rárá, ẹlòmíràn ni, tí ó rí àkọsílẹ̀ náà níbi tí ó ti ń sùn láìní olùṣọ́, tí ó jí ọ̀rọ̀ àti àwòrán rẹ̀ gbé, tí ó sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò ti onítọ̀hún. A kò rí i títí di òní.

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìyìn ni wọ́n fi òwe náà ṣe fún onírèsé. Ní ti alárinà ilẹ̀, ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Ó ti ta ilẹ̀, ó ti gba owó rẹ̀, ó ti gbàgbé, ṣùgbọ́n igbá tí ó fín ṣì ń bẹ lójú ọjà, ó ń pe ènìyàn. Nígbà tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ ọ́, ọ̀kan dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ń kà á. Àwọn tó ń rà kì í kàwé, àwòrán ni wọ́n ń wò, ká tún wá máa padà sórí èyí tí a ti tà, iṣẹ́ tí kò lówó nínú ni." Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n pèrègún pàápàá, bí a kò bá máa ro ìdí rẹ̀, igbó yóò bò ó, ìjà ààlà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ "a ti tà á" gàdàgbà sórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá tà á. Bí ilẹ̀ bá di ti ẹjọ́, kí ó yọ ọ́ kúrò kí oòrùn tó wọ̀. Bí òfin bá yí padà, kí ó tún un kọ. Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ ni. Ìyẹn kò tó àkókò tí wọ́n fi ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ìdíkọ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ẹlẹ́fẹ̀ wa kò tíì gbá wọn mú. Ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ta ni Ẹ̀fẹ̀ kì í fi ṣe orin jẹ? Olè, alágbèrè, olóyè tí ó jẹ owó ìlú, gbogbo wọn ni wọ́n ti gbọ́ tiwọn rí lójú agbo, tí ìyá àti ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Ní àná mo kọjá lójú ọ̀nà Ìlárá. Ilé náà ti kan páànù, aṣọ ọmọdé sì ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìkànnì ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọlúàbí yẹn wò: igi tíìkì méjèèjì ṣì dúró, koríko ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì ṣì ń pe àwọn ọmọ Kétu pé kí wọ́n sáré wá kí ó tó tán.