ÌLERA ÌDÍLÉ: Ohun Tí Ń Gbé Eegun Àgbà Ró

Okun o! Ìkíni yìí ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní Okun, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ okun náà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, okun tí ó wà nínú eegun àwọn àgbà wa.

Láìpẹ́ yìí, a lọ kí ìyá àgbà kan ní Kábà tí ó ṣubú ní balùwẹ̀. Kò já láti orí òkè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kò gbá a. Omi ọṣẹ ni ó tẹ̀, ó yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀, eegun ìtan rẹ̀ sì kán. Bí a ti jókòó tì í, ó nawọ́ sí orí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wo àwọn oògùn eegun yìí. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ló ń fi wọ́n ránṣẹ́. Èmi náà ò sì pa á jẹ níjọ́ kan. Kí ló wá dé tí eegun mi fi kán?"

Ìgò mẹ́ta ni a bá níbẹ̀. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kálíṣíọ̀mù àti fítámì D. A wá bi ìyá léèrè ohun tí wọ́n máa ń jẹ lálẹ́. Wọ́n ní ògì gbígbóná ni, nítorí ẹja ti wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Owó tí ìbá ra ẹja ni ó di ìgò mẹ́ta.

KÍ NÍ Ń ṢE EEGUN ÀGBÀ?

Eegun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó èyí tó ti gbó, tí ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nígbà èwe, kíkọ́ ju wíwó lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wíwó a bẹ̀rẹ̀ sí í borí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá sì dúró, wíwó náà a yára gan-an fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà ni eegun àwọn ìyá fi ń tètè kán ju ti àwọn bàbá lọ. Àìsàn yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní osteoporosis, kì í dunni. Ọjọ́ tí eegun bá kán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mọ̀.

Kálíṣíọ̀mù ni ó ń mú eegun le. Ó wà nínú ẹfun, ó sì wà nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ọbájànà nílé wa níbí, ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa lá òkúta o! Fítámì D ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ wọlé. Oòrùn tó ń ta sí awọ ara wa ni a ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI JỌS ÀTI GÁḾBÍÀ

Ní Jọs, àwọn dókítà ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọdé 123 tí eegun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ bí ọrun. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé àìrí oòrùn ló fà á. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé àwọn tí a fún ní kálíṣíọ̀mù, ìbáà jẹ́ òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, ni ara wọn yá ju àwọn tí ó gba fítámì D nìkan lọ. Oúnjẹ wọn ni kò ní kálíṣíọ̀mù tó. Ní ọdún 2015, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ẹja tí a lọ̀ kúnná wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn pẹ̀lú. Ọmọdé ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan àgbà: ìkòkò ọbẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí a rò pé ìgò nìkan ló lè ṣe.

Ní ìgbèríko Gáḿbíà, àwọn olùwádìí rí i ní ọdún 1996 pé eegun àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò kún tó ti àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọn kì í sábà kán. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń rìn lọ sóko, wọ́n ń gbẹ́rù, wọ́n ń gún ọkà. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ fún ìyá wa pé kí wọ́n máa jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́.

ṢÉ KÍ A DA OÒGÙN NÙ NI?

Rárá o. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ẹni tí kì í lè jáde sí oòrùn, tàbí ẹni tí eegun rẹ̀ ti kán rí, dókítà lè ní kí ó lò ó. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nílò kálíṣíọ̀mù 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ti inú oúnjẹ wà nínú iye yẹn. Ohun tó bá kù nìkan ni oògùn wà fún.

Àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ọdún 2006 fi hàn pé òkúta inú kíndìnrín pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn obìnrin tó ń lo kálíṣíọ̀mù àti fítámì D. Ní Ọsirélíà ní ọdún 2010, àwọn ìyá àgbà tí a fún ní fítámì D rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ṣubú, eegun wọn sì kán, ju àwọn tí a kò fún lọ. Ní ọdún 2022, ìwádìí lára ènìyàn tó lé ní 25,000 fi hàn pé fítámì D ojoojúmọ́ kò dín eegun kíkán kù lára àwọn tí a kò yàn nítorí pé wọ́n ṣaláìní in.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún prednisolone àti dexamethasone. Bí a bá ń lò wọ́n fún oṣù púpọ̀, wọ́n a máa jẹ eegun run. Ẹni tí dókítà fi sí i kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Kí ó padà lọ bá dókítà náà. Ẹ má sì gbé kálíṣíọ̀mù mì pọ̀ mọ́ oògùn gẹ̀gẹ̀ tàbí tetracycline, nítorí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

1. Iyán dára, ṣùgbọ́n kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni kí a tún ṣe: ẹja kéékèèké tí a lè jẹ teegunteegun, edé, ẹ̀fọ́, yànmọ̀tí. Bí eyín kò bá sí mọ́, kí a lọ ẹja gbígbẹ náà kúnná.

2. Kí a máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, kí a sì sè é dáadáa. Ẹ̀wà àti ẹyin ń ran iṣan lọ́wọ́, iṣan sì ni ó ń gbé àgbà dúró.

3. Kí ìyá máa jókòó síta nínú oòrùn òwúrọ̀, kí wọ́n sì máa rìn lójoojúmọ́ bí agbára wọn bá ti mọ.

4. Kí ilẹ̀ balùwẹ̀ má ṣe yọ̀, kí iná wà lálẹ́, kí bàtà má ṣe tóbi jù.

5. Bí àgbà bá ṣubú tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ tàbí tí ó yí síta, ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí a ya àwòrán eegun náà.

A bá ọmọ ìyá náà sọ̀rọ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa lo ìgò kan ṣoṣo. Owó méjì yòókù ti di owó ẹja àti wàrà, ìyá sì ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ọ̀rẹ́ eegun náà ni. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókèèrè, kí ẹ tó ra ìgò mìíràn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ìyá yín pé, "Ẹ̀yin Mọ́mì, kí lẹ jẹ lálẹ́ àná?"

Olúwa yóò fún àwọn àgbà wa lókun. Àmín.