Iṣẹ́ Wo Lo Ṣe Tí O Fi Gba Owó Yìí?

Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi.

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Dọ́pẹmu tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá ènìyàn wá ilé, ẹni tí a ń pè ní èjẹ́ǹtì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í fi ìdámẹ́wàá ṣeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ó mú ìdámẹ́wàá ńlá kan wá. Mo pè é síwájú ìjọ, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà, gbogbo ìjọ sì ṣe Àmín. Arábìnrin kan tí ń ta èlùbọ́ jókòó lẹ́yìn lọ́jọ́ náà, òun kò ṣe Àmín. Láti ọjọ́ yẹn, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a kò fi rí i ní ìpàdé.

Ìyàwó mi ló lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ohun tó sì gbọ́ bọ̀ nìyí. Rúùmù kan àti pálọ̀ ni arábìnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé. N400,000 ni owó ilé wọn lọ́dún, ó sì ti ṣe ìsapá kó o jọ pérépéré. Nígbà tó gbé e lọ, èjẹ́ǹtì ní ó ku N80,000: N40,000 fún àgíríìmẹ́ǹtì tuntun, N40,000 fún kọmíṣánnì. Ó ní òun ti san kọmíṣánnì nígbà tí òun kọ́kọ́ gba ilé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Èjẹ́ǹtì dáhùn pé ti ìgbà yẹn nìyẹn, pé ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, pé bí owó náà kò bá dé títí ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ti ń dúró de ilé. Arábìnrin wa yọ díẹ̀ nínú owó ọjà rẹ̀, ó sì yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Arákùnrin wa yìí kan náà ni èjẹ́ǹtì ọ̀hún. Arábìnrin náà jókòó, ó ń wo bí mo ti ń súre lé owó rẹ̀ lórí.

Ìyàwó mi gba ìwé àgíríìmẹ́ǹtì náà wá fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo lọ, n kò kọ́ nípa òfin, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Fọ́tòkọ́pì ni. Wọ́n fi bírò fa ìlà sórí ọdún àtijọ́, wọ́n sì kọ ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ojú ìwé kẹta, orúkọ ẹni tó ń gbé ilé náà kí arábìnrin wa tó dé ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. N40,000 ni ìwé yẹn! Iye tí ẹni tó ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì gbà níbẹ̀ kò lè ra búrẹ́dì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé iṣẹ́ èjẹ́ǹtì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí o ń wá ilé, òun ló ń mú ọ kiri nínú oòrùn láti Dọ́pẹmu dé Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, òun ló mọ ilé tí omi wà àti èyí tí omíyalé ń wọ̀. Bí o bá rí ilé, san owó rẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀. Àwọn agbowó òde wá sọ́dọ̀ Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Lúùkù orí kẹta, wọ́n béèrè ohun tí àwọn yóò ṣe. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bi wọ́n léèrè ààwẹ̀ tàbí àdúrà òru. Ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má gbà ju iye tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ. Ohun tí ń bẹ nínú àpò wọn ló kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá yí po, tí ayálégbé ti wà nínú ilé, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé owó wá, iṣẹ́ wo ni èjẹ́ǹtì ṣe fún un? Ilé wo ló bá a wá? Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bójú tó ilé fún onílé, tó ń bá a gba owó, iṣẹ́ ni lóòótọ́, ó sì tọ́ kó gba owó iṣẹ́. Ẹni tó gbé e níṣẹ́ ni kó san án.

Mo pe arákùnrin náà sí ọ́fíìsì. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní, “Ẹ̀yin Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo Èkó ló ń ṣe é.” Nígbà tó ṣe, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì sọ ohun tí n kò mọ̀. Onílé kì í fún un ní kọ́bọ̀. Ohun tí onílé wí fún un ni pé kí ó jẹun lára àwọn ayálégbé. Bí ó bá sì gba owó àgíríìmẹ́ǹtì, onílé ń gba ìdajì níbẹ̀.

Ẹ̀yin onílé inú ìjọ, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Ẹ kò fẹ́ kí àwọn ayálégbé pè yín ní ìkà, nítorí náà ẹ rán ẹlòmíràn kí ó lọ ṣe é. Bí ilé rẹ bá tó ohun tí o nílò èjẹ́ǹtì láti máa bójú tó, ó tó ohun tí o lè sanwó fún un lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, nítorí àìmọ̀ ń jẹ wá níyà. Lọ́yà kan nínú ìjọ ló là á yé mi. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà, ṣùgbọ́n ó kan Dọ́pẹmu. Ayálégbé tó ti wà nínú ilé, tó ń san owó lọ́dọọdún, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayálégbé tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ti rú òfin. Owó ilé yòówù tí o bá san, wọ́n gbọdọ̀ fún ọ ní rìsíìtì tí orúkọ onílé àti tìrẹ wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Bí àdéhùn mìíràn kò bá sí, ìwé oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní láti fún ayálégbé ọlọ́dọọdún kí wọ́n tó lè ní kí ó kó jáde. Bí kò bá sì jáde, ilé ẹjọ́ ni wọn yóò lọ. Níbo wá ni “títí ọjọ́ Ẹtì” ti wá?

Ti àgíríìmẹ́ǹtì ńkọ́? Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ti ọdún 1975, kò gba ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láyè láti torí owó kọ ìwé àdéhùn lórí ilé tàbí ilẹ̀. Bí owó ilé tàbí àdéhùn bá yí padà tí lọ́yà sì kọ ìwé tuntun ní tòótọ́, iṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Bírò èjẹ́ǹtì kì í ṣe lọ́yà. Ní ti kọmíṣánnì, ní ọdún 2025 àbá òfin tuntun kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tó fẹ́ kí owó èjẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan lọ. Àbá ni mo pè é o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi àbá bá èjẹ́ǹtì jà lójú títì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbé, ní Peckham àti agbègbè rẹ̀, àwọn èjẹ́ǹtì ń gba irú owó yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019 ló fòpin sí i. Èjẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ayálégbé mọ́ nítorí pé ó sọ àdéhùn dọ̀tun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Àwọn kan nínú wa gbà pé Krìstẹ́nì kì í béèrè rìsíìtì, pé Olúwa yóò jà fún wa. Paulu, tí òun fúnra rẹ̀ gbé ilé àyágbé ní Róòmù fún ọdún méjì gbáko, béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní kí wọ́n kọ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ọ, Citizens' Mediation Centre tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 yóò pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, wọn kì í sì í gba owó. Ìwọ tí o jẹ owó ilé ọdún méjì tí o wá ń ka òfin sí onílé létí, ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí. Lọ san gbèsè rẹ ná.

Ó ku ti ìdámẹ́wàá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn alàgbà pé kí a dá a padà. A jiyàn di aago mẹ́wàá alẹ́. Alàgbà kan ní owó tó ti kan pẹpẹ kì í padà sẹ́yìn. (Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ilé mẹ́ta ni alàgbà wa ní ní Ẹ̀gbẹ́dá.) Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà. A kó owó náà fún arákùnrin wa kí ó fi kún èyí tó fẹ́ dá padà fún àwọn tó ni ín, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arábìnrin yẹn níwájú ìjọ kan náà tí mo ti súre.

Arákùnrin náà ló yọ̀ǹda kí n kọ èyí, pé kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ó kọ orúkọ mọ́kànlá sínú ìwé àjákọ kan. N80,000 arábìnrin wa ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ku orúkọ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ti kó lọ sí Ọ̀tà, a ṣì ń wá a.

Lọ́yà wa yóò máa jókòó ní yàrá àwọn ọmọdé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ mú àgíríìmẹ́ǹtì àti rìsíìtì yín dání, ẹ̀yin onílé náà.