Kajú tí kò hù: ẹ má pariwo àjẹ́, ẹ bu omi!

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ń fi owó oṣù ra ilẹ̀ sílé, tẹ́ ẹ ní kajú lẹ máa fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbin kajú tí kò hù, tó wá di ìjà láàárín ẹbí. Wọ́n á ní ìyá àgbà tó wà lábúlé ló fọwọ́ òkùnkùn mú un, tàbí kí wọ́n ní ọmọ tó bá wọn gbìn ín ló jí èyí tó dáa nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú kóró gan-an lọ̀rọ̀ wà!

Ẹlòmíì á kó kajú tó ti wà nínú àpò láti èṣí, á rì í mọ́lẹ̀ ní gbígbẹ, á wọkọ̀, ó di Èkó. Kajú tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀mí inú ẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Èèpo ẹ̀ sì nípọn. Tómi ò bá wọ inú ẹ̀, kò lè hù.

Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ kò ju bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lọ. Èyí tí wọ́n ká lọ́dún yìí ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ dà á sómi. Èyí tó bá léfòó, ẹ kó o dànù: inú ẹ̀ ti ṣófo tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èyí tó bá rì, ẹ fi sínú omi fún wákàtí 24 sí 48, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín, ibi tó ti so mọ́ èso ni kó kọjú sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ó yẹ kẹ́ ẹ ti rí i.

Àmọ́ o, ẹ má gbé ọgbọ́n kajú lọ sídìí obì. Obì tó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Tútù ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká sì máa ń sùn fún oṣù bíi mélòó kan kó tó jí. Tó bá rú yín lójú, CRIN, ilé ìwádìí kòkó n'Ìbàdàn, ló ń mójú tó obì àti kajú náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tìtorí kajú bá ìyá yín jà, ẹ tètè lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀.